Ẹ̀jẹ̀ Ríru Ọkọ Mi Níwájú Adájọ́

Bí ẹ bá bi Bàbá Ìbejì pé báwo ni ara, ohun kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́: "A dúpẹ́." Bí wọ́n bá ń gé e lẹ́sẹ̀ lọ́wọ́, "A dúpẹ́" náà ni yóò wí. Ọkọ mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kò sẹ́ni tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn mọ́ra. Ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń lọ ní Bronx níbí tún wá fi ti ìgbàgbọ́ lé e. Ẹni tí ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, á ní òun ti rí ìwòsàn gbà, àwa á sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọkọ mi ṣe ṣọ́jà ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tó dé ìlú yìí tó fi wọ iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbé e lọ sí aṣálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wa ọkọ̀ epo. Nígbà tó ń lọ, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Nígbà tó dé, bó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wa ní Parkchester, á dúró lágbedeméjì bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sísàlẹ̀. Imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bípì, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru sí, kò jìnnà sí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi na apá. Mo wo ohun tí ẹ̀rọ náà gbé jáde, mo tún un wò: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga kọjá ààlà. Dókítà fún un lóògùn, ó sì ń lò ó déédéé. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ dárúkọ àìsàn náà nínú ilé. "Oògùn yẹn" là ń pè é.

Èmi ni mo ní ká lọ bá ìjọba. Mo ní, "Agbára yín lẹ lò fún wọn. Bí nǹkan bá ṣe yín lọ́la, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, wọ́n á ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn lẹ ti kó o." Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju kí wọ́n gbà pé iṣẹ́ wọn ló dá àìsàn yìí sí i lára, kó lè máa rí ìtọ́jú tó péye, kí èmi àtàwọn ọmọ sì ní ibi tí a máa dì mú bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́. Ó kọ́kọ́ ń lọ́ tìkọ̀, lẹ́yìn náà ó gbà. Wọ́n ní kó lọ rí dókítà kan tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ọ̀rọ̀ náà.

Wọn ò jẹ́ kí n bá a wọlé. Dókítà bi í pé báwo ni ara. Ẹ ti mọ ohun tó fi dáhùn. Dókítà wá bi í bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkọ mi, tí oògùn wà lápò ṣòkòtò rẹ̀ bó ṣe jókòó yẹn, ní òun ní in rí, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti wo òun sàn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nínú tíréènì nígbà tí à ń padà bọ̀, tayọ̀tayọ̀.

"Bàbá Ìbejì, ohun tí ẹ sọ fún dókítà nìyẹn?"

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Kí n máa fi ẹnu mi gba àìsàn níwájú àjèjì?"

Inú bí mi débi pé a kọjá ibùdó wa kí n tó mọ̀.

Wọ́n kọ̀ fún wa. Wọ́n ní lóòótọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga nígbà kan tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ àwọn ṣọ́jà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó padà wá, kò padà. Kò ráhùn rí, òun náà sì ti sọ pé ara òun ti yá. Ta ni n ó bá jà? Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú, itọ́ funfun ló ń tu fún wọn.

A pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Obìnrin Puerto Rico kan tóun náà ti ṣe ṣọ́jà rí ló dúró fún wa. Ó ka ọ̀rọ̀ wa tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo mọ̀ pé Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni adájọ́ fẹ́ gbọ́. Bí ẹ bá tún lè sọ fún un pé ara yín le, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn." Ó ní ohun tí èmi ìyàwó fojú ara mi rí náà jẹ́ ẹ̀rí.

A délé, ọkọ mi kò jẹun. Ó ní, "Mo ti jẹ́rìí níwájú ìjọ pé Ọlọ́run ti wò mí sàn. Ṣé kí n wá búra fún adájọ́ pé irọ́ ni mo pa?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Ẹ ò purọ́. Àdúrà lẹ gbà, ẹ ṣì ń retí ìdáhùn. Ẹni tó ń retí ìdáhùn kò jẹ̀bi bó bá sọ ohun tó béèrè."

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ojú kọ̀ǹpútà la ti rí adájọ́, nínú ọ́fíìsì obìnrin yẹn. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo sọ ti imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀, mo sọ ti àtẹ̀gùn, mo sọ bó ṣe máa ń pè mí láti aṣálẹ̀ tí yóò ní kí n má sọ̀rọ̀ sókè nítorí orí tó ń fọ́ òun. Ó wá kan ọkọ mi. Adájọ́ fi sùúrù bi í pé báwo ni ara. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ là, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó yíjú sí mi, ó tún yíjú sí kọ̀ǹpútà.

Ó ní, "Ara mi ò yá, sà."

Adájọ́ ní láti ìgbà wo. Ó ní láti aṣálẹ̀ ni. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ epo, ilẹ̀ á máa yí i lójú, á di táyà mú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí àwọn ẹgbẹ́ òun ń kú, ta ló fẹ́ gbọ́ pé òòyì ń kọ́ òun? Ó ní, "Ó ṣì ń ṣe mí. Láràárọ̀ tí mo bá jí, mo máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń di ojú, mo máa ń tẹrí ba, títí ilé tó ń yí á fi dúró."

Gbogbo àárọ̀ ni mò ń rí i bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó ń gbàdúrà ni. Bí àwọn ìbejì bá fẹ́ pariwo, mo máa ń ní, "Ẹ rọra, Dádì ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀," gbogbo wa á sì máa yọ́ rìn kiri ilé nítorí rẹ̀. Mo sunkún níwájú adájọ́, ojú ò tì mí.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n gbà fún wa. Wọ́n ní iṣẹ́ ṣọ́jà ló fa àìsàn náà. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́ fún yín, mo tilẹ̀ jó ní kíṣìnnì. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n rọra.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹrí ba. Mi ò pa àwọn ọmọ lẹ́nu mọ́. Mo lọ jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé ó ti dúró?"

"Ó kù díẹ̀."