Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí N Dá Ẹjọ́ Ọmú

Ọmọ ti bù mí jẹ rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, bàbá kan sì ti gbá tábìlì mi débi tí gègé fi fò sílẹ̀. Síbẹ̀, kò tíì sí ẹni tó dẹ́rù bà mí bí ìyá àgbà kan tó wá láti Gonzagueville, tó jókòó wọ̀ọ̀, tó ní: "Ẹ̀yin lẹ máa dá ẹjọ́ yìí."

Àyẹ̀wò òye ọmọdé ni iṣẹ́ mi. Ilé ìwádìí kan ní Abidjan ló gbà mí, nítorí pé mo gbọ́ Yorùbá àti Faransé, àwọn ìyá wa tí ìdílé wọn ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kì í sì í tètè túra ká fún ẹni tó bá fi Faransé nìkan kí wọn. À ń wá ìdí tí òye ọmọ kan fi ń yá ju ti èkejì lọ: báwo ni ìyá ṣe fún un lọ́mú pẹ́ tó, ibo ni ìyá kàwé dé, kí ni ọmọ sì jogún lára àwọn tó bí i. Èyí tó kẹ́yìn yìí làwọn ọ̀gá wa ń pè ní gènes. Òwú kékeré la fi ń nu ẹnu ọmọ láti gba itọ́ rẹ̀ fún àyẹ̀wò yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọn ará wa ṣe lè sáré tó, ẹ na òwú yẹn sí wọn.

Mẹ́rin ni wọ́n lọ́jọ́ náà. Alhaja ni ìyá àgbà. Láṣísì ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Yopougon. Sìdíkátù ìyàwó Láṣísì ń ta bọ́tìnì àti òwú ìránṣọ ní ọjà Treichville. Ẹ̀kẹrin ni ọmọ wọn, Fàrúkù, tó ń múra àtiwọ ilé ìwé. Àìsàn líle ṣe Sìdíkátù nígbà tó bí i, kò lè fún un lọ́mú, wàrà agolo ni wọ́n fi tọ́ ọ. Ọmọ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé, Alhaja sì ti pinnu pé wàrà agolo ló dí i lórí.

"Itọ́ ọmọ mi ò ní kúrò lẹ́nu rẹ̀ o," ni Alhaja wí. "Ọ̀rọ̀ ọmú ni mo bá wá."

Láṣísì ní, "Tantie, en un mot, ní kúkúrú, ṣé biberon, ìgò wàrà yẹn, ló bà á jẹ́? Ẹ sọ fún wa. On est fatigués, ó ti sú wa."

Sìdíkátù di ọrùn ẹ̀wù ọmọ mú gírígírí.

Mo kó àwọn igi kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi síwájú ọmọ, mo to tèmi, mo ní kó to tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fàrúkù ki ọwọ́ bọ àárín itan, ó ń wo ojú ìyá àgbà. Aago ń lọ. "Ẹ ò rí i bí?" ni Alhaja wí. Èmi rí i, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé wa kì í fọwọ́ kan nǹkan onínǹkan lójú àgbà, kì í sì í lanu títí wọ́n á fi ní kó sọ̀rọ̀. Nínú ìlànà iṣẹ́ tiwa, àìmọ̀kan ni wọ́n máa kà á sí. Mo gbọ́dọ̀ ní kí Alhaja jáde, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹnì kan péré ló ń bá ọmọ jókòó níbí."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ ń lé mi jáde?"

"Kí n má rí i mà. Àga tó rọ̀ wà níta, fáànù sì wà níbẹ̀."

Ọpẹ́lọpẹ́ fáànù. Òun àti Láṣísì jáde. Sìdíkátù ní, "Fàrúkù, mú un," ọmọ sì to igi náà bó ṣe yẹ. Nígbà tó parí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tó kù ní àwọ̀ àwọ̀, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ wùyẹ̀wùyẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. "Maman. Bí a ṣe ń ṣa bọ́tìnì nìyẹn."

Inú mi dùn, mo pè wọ́n wọlé, mo sì ṣàlàyé. Mo ní ọmú dára, ó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àìsàn. Ṣùgbọ́n ní ìlú òyìnbó, àwọn ìyá tó kàwé ló sábà máa ń fún ọmọ lọ́mú pẹ́, ọmọ sì tún ń jogún nǹkan lára bàbá àti ìyá. Bí wọ́n bá ti yọ ìwé àti àjogúnbá kúrò nínú ìṣirò, ohun tó ń ṣẹ́ kù fún ọmú nìkan nínú ọ̀rọ̀ òye kì í pọ̀. Tiwa níbí, a ṣì ń wá a. Kò sì sí ẹni tó lè wo ọmọ kan ṣoṣo kó ní ibi tí ọmú ti ṣiṣẹ́ rèé.

"Ah bon," ni Láṣísì wí. "Donc, ó túmọ̀ sí pé àìkàwé ìyá ni."

Mo sáré ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́ o, mi ò..."

Ó ti kọjú sí ìyá rẹ̀. "Alhaja, c'est réglé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Biétry, maîtresse ni, olùkọ́. Kí Fàrúkù lọ máa gbé lọ́dọ̀ wọn kí rentrée, ìwọlé ilé ìwé, tó dé."

"Ìyẹn dáa," ni Alhaja wí.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fi fẹ́ gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn obìnrin yìí ni wọ́n fẹ́ fi gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé kò sí ìkà nínú rẹ̀ lójú wọn. Ọ̀dọ̀ àǹtí tó kàwé ni èmi náà dàgbà sí, kò sí ẹni tó ń pè é ní ìrẹ́jẹ. Ilé iṣẹ́ wa kò gbà ká máa gba ẹbí nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n mi ò lè pa ẹnu mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ìwé ìyá lẹ ń wá, ìyá lẹ máa gbé lọ síléèwé. Kì í ṣe ọmọ lẹ máa gbé kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀."

Láṣísì rẹ́rìn-ín. "Tantie, à cet âge? Ní ọjọ́ orí rẹ̀ yìí?"

Ìgbà yẹn ni Sìdíkátù dìde. Ó ní, "Bàbá Fàrúkù, àná ẹ ní mi ò lọ́mú. Lónìí mi ò níwèé. Fàrúkù, to nǹkan Tantie kí Alhaja rí i."

Ọmọ tún ki ọwọ́ bọ àárín itan. Mo ń gbàdúrà nínú, mo mọ̀ pé bí kò bá mira, ó parí nìyẹn. Alhaja wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "Ṣe é, ọkọ mi. Mo ní kí o ṣe é."

Fàrúkù to wọn, ó ṣà wọ́n, ó ń rò fún ìyá àgbà rẹ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu ọmọ tí wọ́n ní kì í sọ̀rọ̀.

"Ohun tí mo ní láti kọ́ ọ nídìí bọ́tìnì mi nìyẹn, Alhaja," ni Sìdíkátù wí. "Ó ti ń wọ̀ ọ́ lára. Bí ẹ bá gbé e lọ, ta ni yóò fún un ní ìyókù?"

Alhaja tún gèlè rẹ̀ wé. "Láṣísì, fa ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ká máa lọ sílé."

Wọ́n lọ. Obìnrin mìíràn ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó pọn ọmọ tuntun, kò tíì jókòó tó ti ń bi mí: "Tantie, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmú mi tó?"