Pèrègún Mẹ́rin Nínú Ìgbẹ́ Akíntọ́lá

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí Abigail Olúsànyà ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí ní yunifásítì l'Ágo-Ìwòyè. Òun ló ń fi ìwé ìròyìn àtijọ́ tẹ ewé, tó ń rán an mọ́ páálí, tó ń kọ orúkọ sí i. Ìwé mẹ́fà ló kà mọ, síbẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n a máa mú ewé tó bá rú wọn lójú wá bá a. Á fọwọ́ rà á, á gbóòórùn rẹ̀, á dárúkọ rẹ̀. "Màmá Ewé" làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé tí wọ́n fi ewé wọ̀nyẹn kọ, kò sí èyí tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ń dùn ún. Kò sọ ọ́ síta.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé wá bá a, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ wa ọ̀dà inú ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe títì, ní Ogun Waterside, Ajíbádé ni wọ́n sì gbà pé kó lọ ka ewéko ilẹ̀ náà kí wọ́n tó tọrọ ìwé àṣẹ. Ó ní, "Mà, orúkọ yín la máa kọ síwájú ìwé náà, pé ẹ̀yin lẹ dá ewé mọ̀." Abigail gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́.

Oko àtijọ́ kan ni wọ́n lọ, lẹ́yìn abúlé kan tí kò jìnnà sí Abigi. Wọ́n so igi mẹ́rin pọ̀ bíi férémù fèrèsé, wọ́n ń gbé e kalẹ̀ ní ogún ìṣísẹ̀ síra wọn. Ohun tó bá hù nínú férémù, Abigail á dárúkọ rẹ̀, á kà á, Ajíbádé á kọ ọ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ mọ̀ jù ni èpò búburú, irú èyí tí í pa ohun ọ̀gbìn, tí táyà katapílà sì lè gbé kiri oko olóko. Ewé akíntọ́lá, èpò tó ti bo gbogbo oko náà, ga ju orí ènìyàn lọ. Koríko ẹ̀kan ń gé wọn lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Abigail ya ewé sọ́tùn-ún sósì, ó sì rí pèrègún mẹ́rin: méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, gbọọrọ bí ẹni tí ó sùn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ọ̀gá, pèrègún kì í to ara rẹ̀ báyìí. Ẹnìkan ló gbìn ín. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n lábúlé."

Ajíbádé nu òógùn ojú. "Mà, fọ́ọ̀mù yìí ò ní àyè fún ẹni tó gbìn ín. Orúkọ àti iye la fẹ́. Òjò sì ti ṣú."

Abigail wo ojú ọ̀run. Ó ronú kan orúkọ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ síwájú ìwé. Ó ní, "Pèrègún, mẹ́rin." Wọ́n gbé igi kúrò.

Lóṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ náà pe àwọn ará abúlé sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn láti gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé náà. Ẹnikẹ́ni ò pe Abigail. Ó kàn gbọ́ ni, ó wọ léèsì tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọkọ̀ mẹ́ta, ó gun ọ̀kadà. Orúkọ rẹ̀ wà lójú ewé kejì lóòótọ́. Ó fi ìka kàn án. Ẹ̀yìn ìyẹn ni akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, pé ilẹ̀ náà ti di ìgbẹ́ èpò, kò sí ẹni tó ń lò ó, kò sì ní olóko.

Ìyá arúgbó kan dìde. "Èmi ni Asimawu, ìyàwó Sàláwù. Oko ọkọ mi nìyẹn. Níbẹ̀ la sin Nimotalahi ọmọ mi sí, tòun ti oyún inú rẹ̀, a sì gbin pèrègún mẹ́rin yí sàréè rẹ̀ ká. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè gbé ọkọ́ débẹ̀ mọ́. Ta ló ní kò sẹ́ni tó ni ín?"

Akọ̀wé ní, "Màmá, ẹni tó mọ ewé ló kọ ọ́." Ó sì ka orúkọ.

Abigail dìde. "Èmi ni, mà. Mo rí pèrègún náà. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ló gbìn ín. Mi ò béèrè."

Asimawu yíjú sí i. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"Ìbá sàn kó o jẹ́ ẹni tí kò mọ̀."

Abigail kọ lẹ́tà sí ìjọba pé sàréè wà lórí ilẹ̀ náà, ó gbé e lọ sí Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní ọ̀gá ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà kejì, wọ́n ní wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ náà. Ajíbádé ò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà rán àwọn èèyàn wá láti ṣí òkú náà nípò. Wọ́n wa ilẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ilẹ̀ ibẹ̀ lómi púpọ̀, erùpẹ̀ dúdú àti eyín mélòó kan ni wọ́n rí. Ọjọ́ kẹta ni katapílà dé.

Àbúrò Asimawu mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní ìlú Orù. Lóṣooṣù ni Abigail ń lọ kí i níbẹ̀. Ìyá náà kì í lé e, kì í sì í bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á bu omi fún un, wọ́n á jọ jókòó síwájú ilé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló kàn ṣàdédé sọ pé, "Nimota ìbá ti pé ogójì ọdún lóṣù yìí."

Abigail kúnlẹ̀. Ó bú sẹ́kún.

"Dìde," ni ìyá náà wí, kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Mu omi rẹ."