Ọmọ Odó Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ Mi

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo sì ti lo ọdún mẹ́rin nílé lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Mo sọ ọ́ ṣáájú kí ẹ lè mọ̀ pé ìbínú àgbàlagbà ni. Kò tíì tán nínú mi títí di òní.

Ìyàwó ọmọ mi ló bímọ ní Ìkàrẹ́. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ létí gbogbo wa pé kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo, kò sì gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ agbára kankan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ojú abẹ má baà ṣí. Ìyá tó bí ìyàwó ọmọ mi wá láti Ṣúpárè, ó wẹ ọmọ, ó se oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó sì padà sí oko rẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì. Èmi ló kàn. Ọjọ́ Ajé ni a fi àdéhùn sí. Mo ní ọmọ mi yóò mójú tó ilé fún ọjọ́ méjì tó wà láàárín. Ta ni kò lè ṣe ìyẹn?

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wọ ọkọ̀ láti Ọ̀kà, mo gbé iṣu mẹ́ta dání. Láti ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ ìró odó. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo rò pé ọmọ mi ló ń gún iyán fún ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí mo yà sí ẹ̀yìnkùlé, ìyàwó gan-an ni mo bá nídìí odó. Ó fi ọwọ́ kan mú ọmọ odó, ó fi ọwọ́ kejì di ikùn rẹ̀ mú. Yóò gún un lẹ́ẹ̀mejì, yóò dúró mí. Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún méje, jókòó sórí àpótí, ó gbé ọmọ tuntun lé itan. Nínú pálọ̀, ọmọ mi na ẹsẹ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, na ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bíi ti bàbá rẹ̀.

Mo gba ọmọ odó lọ́wọ́ ìyàwó, mo ní kó lọ jókòó. Ó ní kí n má bínú, pé ẹ̀bà ti sú ọkọ òun, ó ti pẹ́ tó ti jẹ iyán. Ẹni tí wọ́n ń pa lára ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó ń pa á lára. Ibẹ̀ ni orí mi ti gbóná.

Mo gbé ọmọ odó wọ pálọ̀ pẹ̀lú iyán tó lẹ̀ mọ́ ọn, mo dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo bi ọmọ mi bóyá ó gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Ó ní òun gbọ́. Mo ní kí ló wá dé? Ó wo ọmọ odó, ó wò mí. Kò sí àfojúdi nínú ohùn rẹ̀ rárá.

"Mọ́mì, mi ò mọ iyán gún. Ẹ ò kọ́ mi."

Òótọ́ ni, ìyẹn ló sì jẹ́ kí inú túbọ̀ bí mi. Ní kíláàsì mi, mo máa ń lẹ ìwé iṣẹ́ mọ́ ògiri: ẹni tí yóò gbálẹ̀, ẹni tí yóò pọnmi, tọkùnrin tobìnrin, kò sí ojúsàájú. Nínú ilé mi, kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ mi nígbà tó bẹ̀ mí pé kí òun náà gún iyán wò. Ó gún etí odó, iṣu kan sì fò bọ́ sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó lọ kàwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni mo gbé e fún. Ọmọbìnrin yẹn béèrè bóyá ẹni tó ń kàwé kò ní jẹ níbẹ̀ ni. Mo ní ẹnu rẹ̀ ti mú jù. Èmi olùkọ́! Ìbéèrè tó yẹ kí n fún ní máàkì, ìbáwí ni mo fi dá a lóhùn.

Mo ní kí ọmọ mi dìde. Iyán kì í dúró de ìjà, ó ti ń tutù. Ó gba ọmọ odó, ó tẹ̀lé mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu iyán náà.

"Iṣu ni," mo ní, "kì í ṣe ejò."

Mo gbé ọmọ odó kejì lé ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyẹn ń kùn pé iṣẹ́ obìnrin ni. Mo bi í bóyá ẹnu obìnrin ni yóò fi jẹ ẹ́. Ọmọ odó méjèèjì ń kọ lu ara wọn, mo sì mú wọn máa ka ení, èjì, bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kókó kún inú iyán náà. Mo bù ú fún wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

Ìgbà náà ni ohùn kékeré kan dún lórí àpótí.

"Màmá, ṣé kí n gbé ọmọ sílẹ̀ báyìí? Apá ń ro mí."

Èmi tí mo ń jà fún ìyá, mi ò rí ọmọ. Ẹnì kankan ò rí i. Mo gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bá a fọwọ́ ra apá rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ hàn mí. Omi ti ń jáde lójú abẹ. A gbé e padà sí ọsibítù, ojú abẹ ti ṣí ní ìpẹ̀kun kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló tún fi ń lọ tọ́jú rẹ̀. Ọmọ mi jókòó ti ògiri níbẹ̀, ó dorí kodò. Mo sọ̀rọ̀ sí i kọjá ibi tí ó yẹ kí n dákẹ́, mo sì mọ̀ pé ìdajì ọ̀rọ̀ náà, èmi ló ni ín.

Mi ò padà sí Ọ̀kà títí ojú abẹ náà fi jiná. Mo lẹ ìwé iṣẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná wọn, bàbá ilé ló wà lókè pátápátá. Ó ti ń gún iyán báyìí, kókó rẹ̀ ti dín kù. Abọ́ ṣì wà tí kì í fọ̀ àyàfi tí mo bá pè é lórí fóònù. Àpá ìyàwó rẹ̀ sì nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ní parẹ́ mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí ọmọkùnrin yín bá nawọ́ sí ọmọ odó, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iṣu bá bọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó bọ́. Iṣu ṣeé ṣà nílẹ̀.