Abẹ́rẹ́ Tó Kọ̀ Tí Kò Wálẹ̀

Àwo kékeré kan wà nínú ọkọ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń sọ iye epo tó kù. Òun ló ń fi hàn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fi agbára ti ọ́ìlì káàkiri inú ara rẹ̀. Bí mo bá ṣíná ọkọ̀ láàárọ̀, abẹ́rẹ́ inú àwo yẹn á lọ sókè. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, á rọra wálẹ̀ sí àárín, á sì dúró síbẹ̀. Mi ò kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ojú ọkọ mi kò ti ríran dáadáa mọ́, tó wá jẹ́ pé èmi nìkan ló ń wakọ̀ nílé wa, mo mọ ibi tí abẹ́rẹ́ náà ń dúró bí mo ṣe mọ ibi tí mo ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé sí.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, abẹ́rẹ́ yẹn kò wálẹ̀ mọ́.

Mo fi han mẹkáníìkì tó máa ń bá wa tún ọkọ̀ ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, agbára ni. Àwọn kan ń wá èyí, wọn ò rí i. Ọjọ́ tó bá wálẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè mí."

"Kì í ṣe báyìí tẹ́lẹ̀."

"Tó bá ń dà yín láàmú, ẹ jẹ́ n yọ wáyà ẹ̀. Ẹ ò ní rí nǹkan kan mọ́, ọkàn yín á balẹ̀."

Mo ní kó fi wáyà náà sílẹ̀. Kò sí bí ọkàn mi ṣe lè balẹ̀ nígbà yẹn. Ọmọbìnrin wa jẹ́ olùkọ́ ní abúlé kan lápá Ìrẹsà, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, oyún rẹ̀ sì ti pé oṣù. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rọbí, kò rí ọkọ̀. Ọ̀kadà ló gbé e gba ojú ọ̀nà eléruku yẹn dé ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ náà kò sì yè. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ọ̀kadà ló fà á, àwa náà kò béèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún lóyún, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí fún: "Màámi, ẹ máa gbé ọkọ̀ wá o." Mo ṣèlérí pé màá gbé e wá, màá sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí á fi bímọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, ọkọ mi ti ṣáájú mi dé ìdí ọkọ̀. Wọ́n ti fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, wọ́n ń fi àtàǹpàkò àti ìka pa ọ́ìlì orí rẹ̀ wò. Àìsí ọ́ìlì ló pa ẹ́ńjìnnì tó kọ́kọ́ wà nínú ọkọ̀ yẹn, lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, nígbà tí àwọn fúnra wọn ṣì ń wà á. Láti ọjọ́ náà, kò sóhun tí wọ́n ń bẹ̀rù bí ọ́ìlì tó kéré tàbí tó ṣàn bí omi. Nígbà tí ojú kò sì jẹ́ kí wọ́n wakọ̀ mọ́, ọ́ìlì nìkan ni iṣẹ́ tó kù fún wọn lára ọkọ̀. Wọ́n ń rà á fúnra wọn, wọ́n ń bù ú sí i fúnra wọn.

"Ó kún, ó sì ki," wọ́n ní. "Ìyá wọn, máa lọ. Kò lè dá ẹ dúró lọ́nà."

Mo dúpẹ́, mo lọ.

Abẹ́rẹ́ náà wà lókè láti Ọ̀yọ́. Mo ń wo ọ̀nà, mo ń wò ó. Kí n tó dé Odò Ọbà, ó ti kan òpin àwo náà, mo sì ń gbóòórùn ọ́ìlì. Mo dúró, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ́ìlì ti ń sun jáde yí ẹnu fílítà tó ń sẹ́ ọ́ìlì ká, agolo fílítà fúnra rẹ̀ sì ti wú díẹ̀, bí agolo tòmátò tó ti bàjẹ́. Bó bá bẹ́, gbogbo ọ́ìlì á dà nù, ẹ́ńjìnnì á sì tún kú. Mo rọra wà á wọ Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà ìlú.

Ọkùnrin náà sanra, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́. Ó ní ó ṣeé ṣe kí irin kékeré ara ẹ́ńjìnnì tó ń ran abẹ́rẹ́ níṣẹ́ máa parọ́. Ó tú u kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ó de géèjì tirẹ̀, àwo tí wọ́n fi ń wọn agbára ọ́ìlì, mọ́ ojú ihò náà, ó ní kí n ṣíná. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ náà lọ sókè, ó dúró síbẹ̀.

"Ẹ pa á, Mọ́mì. Ẹ pa á. Kò parọ́."

Ó fi abọ́ sábẹ́ ọkọ̀, ó tú ọ́ìlì dà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, bí epo pupa ìgbà ọyẹ́.

"Ta ló bu èyí fún yín? Ọ́ìlì tírélà nìyí, ó ki jù fún ọkọ̀ yín. Ṣé sìmẹ́ǹtì lẹ fẹ́ máa kó ni?"

Mo pe ọkọ mi. "Bàbá wọn, ọ́ìlì wo lẹ rà?"

"Èyí tó dáa ni."

"Kí ni wọ́n kọ sára gálọ́ọ̀nù ẹ̀?"

"Mi ò rí ohun tí wọ́n kọ. Mo fọwọ́ pa á wò ni. Ó ki dáadáa." Wọ́n wá ní, "Ṣé ó ti ṣe nǹkan?"

"Rárá, sà. Wọ́n ti ń ṣe é."

Mẹkáníìkì bu ọ́ìlì tó yẹ ọkọ̀ wa sí i láti inú gálọ́ọ̀nù tuntun kan, ó fi èyí tó kù sẹ́yìn ọkọ̀ fún mi, ó pààrọ̀ fílítà. Mo ṣíná. Abẹ́rẹ́ wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé àárín. Bí mo ṣe ń wò ó ni fóònù mi dún.

"Màámi, ẹ̀yìn ń dùn mí. Á dùn, á tún fi mí sílẹ̀. Níbo lẹ dé?"

"Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ń bọ̀." Mi ò sọ ibi tí mo jókòó sí.

Mo ní kí mẹkáníìkì bá mi wá takisí. Ó pe awakọ̀ kan tó mọ̀; awakọ̀ náà ní òun wà ní Ìlọrin. Mẹkáníìkì wá ṣàlàyé pé fáàfù kan wà tó yẹ kó máa ṣílẹ̀kùn fún ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù. Ó ti há.

"Ẹ lè máa lọ báyìí, á gbé yín débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí n tú u, ẹ máa dúró."

"Á gbé mi débẹ̀. Ṣé á gbé wa padà?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Àlọ, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Àbọ̀, mi ò mọ̀."

Àbọ̀ ni ọmọ mi máa wà nínú ọkọ̀. Mo ní kó tú u.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo di fóònù mú, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Ó tú nọ́ọ̀tì ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó fa sípíríǹgì yọ, ó sì fi ẹ̀mú fa irin kékeré kan tó rí bí ìdérí bírò. Ìdọ̀tí dúdú ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó fọ ihò rẹ̀, ó tì í wọlé. Kò lọ. Ó tún fọ̀ ọ́. Ọmọ mi tún pè, mo gbé e, a ò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tí mo tún gbójú sókè, irin náà ń fúnra rẹ̀ yọ́ wọlé, ó ń yọ́ jáde.

Mo ṣíná. Abẹ́rẹ́ lọ sókè, ó rọra wálẹ̀, ó dúró ní àárín.

"Ẹ máa lọ, Mọ́mì. Owó lè dúró."

Ọmọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, onílé rẹ̀ dì í mú. Àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn. Mo rọra ń yẹ kòtò, mo ń wo iwájú, mo ń wo àwo.

"Màámi," ọmọ mi sọ láàárín ìrora, "ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà ni kẹ́ ẹ máa wò."

Abẹ́rẹ́ kò kúrò láàárín títí a fi dé ilé ìwòsàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gbọ́ igbe ọmọ kí nọ́ọ̀sì tó jáde wá sọ fún mi pé obìnrin ni.

Ọkọ mi wọkọ̀ wá fún ìsọmọlórúkọ. Wọ́n gbé ọmọ náà pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sídìí ọkọ̀. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n táràrà kan ọ̀pá ọ́ìlì, wọ́n fà á yọ, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìka kàn án. Wọ́n nà án sí mi.

"Bá mi wò ó," wọ́n ní. "Kó o sì ka ohun tí wọ́n kọ sára gálọ́ọ̀nù tuntun tí mẹkáníìkì fún ẹ yẹn fún mi."

Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà.