Orúnkún Tí Pẹ̀lẹ́ Bà Jẹ́

Télọ̀ ni ìyá mi, Ràṣídátù. Ní Bwari, nísàlẹ̀ òkè, nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó kan tó kọjú sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ti ń rán yunifọ́ọ̀mù láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò. Wọn kò fẹ́ ti oníná, nítorí iná Bwari kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ló sì kọ́kọ́ bàjẹ́. Orúnkún wú, eegun ń ha eegun. Kí wọ́n tó lè dìde, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì gbé itan wọn bí ẹni gbé àpò ìrẹsì. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ Ọlọ́run fún: "Kí n ṣáà lè padà tẹ maṣíìnì mi."

Ẹ̀gbọ́n mi Láníyì, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ló gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Abuja, níbi tí wọ́n ti ń fi rọ́bọ́ọ̀tì pààrọ̀ orúnkún. Dókítà ṣàlàyé pé àwọn yóò ya àwòrán eegun náà sínú kọ̀ǹpútà. Òun fúnra òun ni yóò mú apá ẹ̀rọ náà dání, ẹ̀rọ kò sì ní jẹ́ kí ọwọ́ òun yà kọjá ibi tó yẹ kó gé.

"Àmọ́ ìdajì iṣẹ́ nìyẹn," ló wí. "Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa ká orúnkún yìí lójoojúmọ́. Yóò máa dùn wọ́n. Tí wọn ò bá ká a, yóò gan."

Ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ni Láníyì gbọ́. Èmi kò gbà pé àìmọ̀ ni. Ojú rẹ̀ ni dókítà ti sọ ọ́, ní èdè Yorùbá.

Iṣẹ́ abẹ náà dára. Mo rí àwòrán rẹ̀: irin náà jókòó sórí eegun láì yà sọ́tùn-ún, láì yà sósì. Láníyì gbé wọn lọ sílé rẹ̀ ní Galadimawa, ó sì ń ròyìn fún gbogbo ẹni tó bá wọlé: "Rọ́bọ́ọ̀tì ló ṣe é o! Kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn."

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ àṣàlátù wá kí wọn. "Ìyá Láníyì, ẹ̀yin náà ti di ẹ̀rọ! Ẹ má lọ gbé wa ṣubú o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá fẹ́ dìde báyìí, gbogbo wọn á figbe ta: "Ẹ pẹ̀lẹ́! Ẹ jókòó! Ẹ má da ara yín láàmú!" Omi ń bá wọn lórí àga. Oúnjẹ ń bá wọn níbẹ̀. Bí wọ́n bá na ọwọ́ mú ife, pẹ̀lẹ́. Bí wọ́n bá mí kanlẹ̀, pẹ̀lẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í kí wọn ní pẹ̀lẹ́. Nehemiah ni, ọmọ Kàbbà, físíò tí ilé ìwòsàn rán wá láti máa bá wọn na ẹsẹ̀ náà, kó sì máa bá wọn ká a. Yóò kúnlẹ̀ níwájú wọn, yóò di ọrùn ẹsẹ̀ wọn mú, yóò tì í sẹ́yìn.

"Ẹ ká a, Màmá."

"Ó tó, ọmọ mi."

"Kò tíì tó. Ṣé bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń wà lábẹ́ maṣíìnì nìyí? Ẹ ká a sí i."

"Ìwọ ọmọ yìí, o burú ju ìrọbí lọ!" Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń bú u, wọ́n sì ń ká a. Orúnkún náà ń gbà díẹ̀díẹ̀. Mo rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Láníyì ti ẹnu ọ̀nà gbọ́ igbe wọn.

"Ìyá àgbà ń sunkún, o ò tiẹ̀ lè sọ pé pẹ̀lẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá kí wọn ní pẹ̀lẹ́, wọn á dáwọ́ dúró."

"Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn? Jáde."

Mo ní, "Bùọ̀dá, dókítà sọ pé…"

"Ìwọ! Ìwé ìtàn lo kà ní yunifásítì. Ìgbà wo lo di dókítà?"

Ìyá mi nu ojú wọn, wọ́n na ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Ìrora ti dáwọ́ dúró. Ta ni yóò bẹ̀ ẹ́ pé kó padà? Nehemiah kó ẹrù rẹ̀, ó kí wọn, ó lọ. Láníyì wá obìnrin kan tó ń fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ fún wọn jẹ́jẹ́. Pẹ̀lẹ́ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọlúàbí lèyí," ni Láníyì wí. Orúnkún kò ká mọ́.

Ọ̀pọ̀ oṣù ti lọ kí a tó padà dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó di ẹsẹ̀ náà mú, ó gbìyànjú, ó fi í sílẹ̀. Ẹran ọgbẹ́ ti dì mọ́ra nínú. Ó ní àwọn ì bá ti kùn wọ́n lóorun kí àwọn sì ká a tipátipá, ṣùgbọ́n àkókò ìyẹn ti kọjá.

"Dókítà, ṣebí rọ́bọ́ọ̀tì ló ṣe é!"

"Ẹ̀rọ ti ṣe tiẹ̀, ọ̀gá. Ta ló lé físíò lọ?"

Láníyì wolẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ìyá mi ló kọjú sí: "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá."

Wọ́n ti padà sí Bwari. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sídìí maṣíìnì, wọ́n ti ẹsẹ̀ ọ̀tún sábẹ́ rẹ̀. Kò ká. Àtẹ́lẹsẹ̀ kọjá ibi ìtẹ̀, ó lọ gbá irin. Wọ́n tún un ṣe, ó tún gbá a. Wọ́n bá fà á jáde, wọ́n nà án sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bí igi tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ òsì lé ibi ìtẹ̀: èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tó ti ń wú bí èkejì ṣe wú. Òun ni wọ́n fi ń ránṣọ báyìí. Ó ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń ká.

Àwọn oníbàárà ń dá orúnkún tí rọ́bọ́ọ̀tì ṣe kọjá wọlé. "Sànnu, Màmá," ni wọ́n ń wí lédè Haúsá. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o."