A Wà Lórí Ìrun Nígbà Tí Wọ́n Ka Ìbò

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì gbó. Ọdún tó kọjá ni, ẹ̀yìn ìsinmi Iléyá ló parí sí, àwọn ọmọ tó ṣojú wọn ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Olówógbowó láràárọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń ní kí n sọ ti ìgbà tí mo wà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ti tajútajú àti ti àtìmọ́lé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí dípò rẹ̀. Tìgbà yẹn, àwọn ológun ló ṣe é fún wa. Tọ̀tẹ̀ yìí, èmi gan-an lọ́wọ́ sí i.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe. Alhaja Sídíkátù, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló wá bá mi pé kí n bá òun tẹ ìwé pélébé kan fún ilé ẹ̀kọ́ girama tí ọmọ mi Kúdírátù ń lọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ló wà níbẹ̀, ohun tí a máa ṣe fún ẹni tí gìrì mú tàbí ẹni tí oúnjẹ há sí lọ́fun, àti bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí kò mí mọ́.

Mo ní, "Alhaja, ṣé àwọn ọmọ náà á lè kà á?"

Ó ní, "Ohun tó gbé mi wá gan-an nìyẹn. Mo fún ọ̀kan nínú wọn ní páálí oògùn pé kó ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ní òun gbàgbé awò ojú òun sílé. Bẹ́ẹ̀, kò ní awò ojú kankan láyé ẹ̀."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ fún wa ní wákàtí kan ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú. Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ ka ìwé sókè, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n á ṣe ohun tí wọ́n kà. A rán àpò kan bí èèyàn, a ki fóòmù sínú rẹ̀, òun ni wọ́n ń tẹ láyà. Wọ́n sọ ọ́ ní Bọ̀dá Fóòmù. Tí ẹ bá ń kọjá lẹ́yìn ọgbà, ẹ ó máa gbọ́ pé, "Ẹ sáré o, Bọ̀dá Fóòmù tún ti kú!" Rísìkátù, ọmọbìnrin tó gbàgbé awò ojú tí kò ní, wà lára wọn. Nígbà tí ààwẹ̀ fi máa dé, òun ló ń tún ìwé kíkà àwọn yòókù ṣe.

Alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní kí a fi wákàtí náà sílẹ̀ fún àfikún ẹ̀kọ́ ìdánwò àṣekágbá. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ fẹ́ sọ wọ́n di nọ́ọ̀sì. Èmi fẹ́ kí wọ́n yege." Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá sọ níṣojú gbogbo wa pé ẹni tó bá wọlé nínú ìdìbò ẹgbẹ́ ló máa pinnu ohun tí a ó fi wákàtí náà ṣe. Alhaja jáde láti bá alága du ipò.

Mo jáde bá a polongo láàárín àwọn òbí. Láti Ìta Fájì dé Olówógbowó, mo wọ agboolé, mo wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ìjẹ̀bú àti ará Ọ̀yọ́ tó ń tajà lọ́jà. Ohùn tí mo fi ń bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ láyé ọjọ́un padà sí mi lọ́fun. Nígbà tó di Sátidé ọjọ́ ìdìbò, wọ́n wá, wọ́n pọ̀.

Títò sẹ́yìn ẹni tí a bá fẹ́ ni ìdìbò náà. Ìlà tiwa gùn láti ìdí táǹkì omi dé ẹnu géètì, ó sì tún ṣẹ́ kọ́rọ́. Ti alága kò kọjá ibi tí òjìji ilé mọ. Ojú lásán ti kà á tán. Ìgbà náà ni wọ́n pe ìrun àláásárì ní mọ́sálásí tó fara ti ọgbà.

Alága gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. "Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run ló ga jù. Ẹni tó bá fẹ́ kírun, kó lọ kírun. A ò sá lọ."

Rísìkátù sáré wá bá mi. "Bàbá Kúdí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà wá ná. Àkókò àláásárì ṣì gùn."

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kírun?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. A sì tú ìlà wa ká fún ara wa.

Lẹ́mọ́mù kò sí níbẹ̀. Wọ́n tì mí síwájú nítorí ilé kéú díẹ̀ tí mo lọ. Ẹ mọ̀ pé a kì í ké sókè nínú ìrun àláásárì, nítorí náà gbogbo mọ́sálásí dákẹ́. Ní rákà kejì, ohùn gbohùngbohùn wọlé: "Ẹ̀yìn alága: oókan, eéjì, ẹẹ́ta..." Súrà tí mò ń kà sọnù mọ́ mi lọ́kàn. Wọ́n kà á lọ, wọ́n kà á lọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn Alhaja, mọ́kànlá ni wọ́n dúró sí, ìyẹn àwọn òbí tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tí wọn kò kúrò lójú ìlà. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ ohun tí ikọ́ náà ń sọ. N kò já ìrun. N kò tilẹ̀ yára, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìbò ló mú mi kánjú níwájú Ọlọ́run. Iwájú orí mi wà nílẹ̀, àtẹ́wọ́ ń dún níta.

Bí a ṣe sálámà, a tú jáde.

"Alága, kí lẹ ṣe yìí?"

"Ẹni tó wà lójú ìlà ni a kà. Ṣé mo lé ẹnikẹ́ni ni?"

"Ẹ ní ẹ ò ní sá lọ!"

"Èmi nìyí. Ṣé mo sá?"

A kọ ìwé ẹ̀hónú. A gbé páálí tí a kọ ẹ̀hónú wa sí dúró sẹ́nu géètì fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni. Lọ́jọ́ kẹfà, Alhaja jókòó sórí pèpéle, ó ń wọ́ orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ó ti rẹ̀ mí."

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí gìrì fi mú ọmọ kíláàsì kìíní kan lórí ìlà àárọ̀. Rísìkátù pariwo pé kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà lélẹ̀, kí wọ́n má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Olùkọ́ kan ní kó padà sójú ìlà rẹ̀. Ṣíbí ni wọ́n fi la ẹnu ọmọ náà. Ọmọ ò kú, ṣùgbọ́n eyín méjì dá.

Rísìkátù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò jókòó.

"Bàbá Kúdí, ká ní ẹnì kan ń kú lọ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí lọ́jọ́ ìdìbò, ṣé ẹ máa já ìrun?"

"Màá já a. Ẹ̀sìn gbà bẹ́ẹ̀."

"Kí lẹ wá rò pé a ń dìbò lé lórí?"

Mo yíjú, mo pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nígbà tí mo yíjú padà, ó ti lọ.

Tí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí a jèrè, màá ní àwọn ọmọ bíi mélòó kan wà káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó lónìí tí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ àyà, tí wọ́n sì lè ka ẹ̀yìn páálí oògùn fún ìyá wọn. Kò sí ìbò tó lè gba ìyẹn. Ohun tí a pàdánù ni wákàtí náà. Kí ìdìbò mìíràn tó dé, Rísìkátù á ti jáde, Alhaja kò sì lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́dún yìí ni mo jẹ ní gbèsè jù. Wọ́n ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń kí mi, "Ẹ káàárọ̀, sà." Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun kan wà tó yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi.