Awó tí a kò jẹ ní ọjọ́ ẹran ìgbẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n yangàn díẹ̀ lónìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nínú igbó lọ́sẹ̀ tó kọjá ò jẹ́ kí n lè pa ẹnu mọ́. Bí Yorùbá mi bá kọsẹ̀, ẹ forí jì mí. Niamey ni wọ́n bí mi sí, ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ líísé, ilé ẹ̀kọ́ girama tiwa, Faransé la sì fi ń ṣe é láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọdẹ ni bàbá mi. Kì í ṣe pé ó ń fi jẹun o, taya ọkọ̀ ló ń tà ní àdúgbò Kalley. Ṣùgbọ́n ìdílé ọdẹ ni wọ́n ní abúlé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìlọrin, ó sì ti ní ìbọn àti ìwé àṣẹ kí wọ́n tó bí mi.

Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti kórè jéró tán, tí koríko ti gbẹ, gbogbo àwa ọmọ máa ń pé jọ sílé wa ní Banifandou fún ìsinmi ìparí ọdún. Ní ọjọ́ Jímọ̀ ìsinmi yẹn, ẹran tí Bàbá bá pa nìkan la máa ń jẹ. Ọjọ́ ẹran ìgbẹ́ la ń pè é. Kò yẹ̀ rí.

Lọ́dún yìí, ojú Bàbá ti di bàìbàì. Ó ń rí i pé èèyàn dúró níwájú òun, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí í ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Ràṣídì, tó wá láti Cotonou, ní ọdẹ ti parí nílé wa nìyẹn, kí wọ́n dá ìbọn padà fún ìjọba.

Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Bàbá ti ń kọ́ mi ní ìbọn, mo tiẹ̀ ti gba ìwé àṣẹ tèmi. Ha! Bùrọ̀dá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ta ló rí tíṣà obìnrin tó ń ṣọdẹ rí?

Inú bí mi. Ẹ kúkú mọ̀ mí, mi kì í gbà fún èèyàn. Mo ní tí mo bá gbé ẹran wọlé kí ilẹ̀ Jímọ̀ tó mọ́, èmi ni mo ni ìbọn. Tí mi ò bá gbé e wá, kí òun fúnra rẹ̀ gbé ìbọn lọ fún ìjọba. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Màmá ní ẹnu mi ti yá jù. 

Ní àárọ̀ Alàmísì, èmi àti Bàbá gba orí afárá kọjá sí Harobanda ní òdìkejì odò, a wakọ̀ títí ilé fi tán. Oko Sùmáná la lọ, ọ̀rẹ́ Bàbá, àgbẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀yà Zarma. Ọyẹ́ ń jẹ wá létè, Bàbá sì di ẹ̀yìn aṣọ mi mú kó má baà ṣubú.

A ò tíì rìn jìnnà tí mo rí awó kan, ńlá báyìí, tó ń ṣa jéró tó já sílẹ̀ jẹ. Mo gbé ìbọn sókè. Ẹ mọ̀ pé kí ọdẹ Mùsùlùmí tó yìnbọn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe Bìsìmílà. Mo rántí, mo fi Ọlọ́run búra pé mo rántí. Mo ti yanu, ni awó bá gbórí sókè. Mo ní lọ́kàn mi pé tí n bá sọ̀rọ̀ báyìí, ó ti lọ nìyẹn. Mo pa ẹnu mi dé, mo yìnbọn.

Awó ṣubú, ó kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Sùmáná sáré wá, ó ń kí mi kú iṣẹ́ ní èdè wọn, fofo, fofo. Bàbá fi ọwọ́ kan ẹyẹ náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá bi mí bóyá mo pe Bìsìmílà.

 Kí n tó dáhùn, ó ní tó bá jẹ́ pé mo gbàgbé ni, kò burú, a lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni, ẹran yìí kì í ṣe tiwa.

Ṣé ẹ rí wàhálà? “Mo gbàgbé” péré ni mo nílò. Ta ni yóò mọ̀? Mo rí ẹ̀rín Bùrọ̀dá lójú inú mi. Mo rí ìbọn tó ń lọ. 

Mo ní, “Bàbá, mi ò gbàgbé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹ̀rù bà mí pé ó máa fò lọ.”

Bàbá mirí. Ó ní kí Sùmáná gbé awó náà fún àwọn ajá rẹ̀. A rìn kiri títí oòrùn fi dé àtàrí, a ò rí nǹkan kan mọ́, ehoro lásán a ò rí. Mo sunkún nínú ọkọ̀, mi ò ní purọ́ fún yín.

Bí a ṣe wọlé, Bùrọ̀dá béèrè ẹran. Kí n tó lanu, Bàbá ti jókòó, ó ro gbogbo rẹ̀ fún wọn láìfi ọ̀kan pamọ́.  Ó wá gbé ìbọn náà lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, “Ojú mi ò lè rí ohun tí wọ́n bá ṣe nínú igbó mọ́. Ẹni tí mo lè jẹ ẹran rẹ̀ láì tún bi í léèrè ni mo ń wá. Mo ti rí i.”

 Bùrọ̀dá Ràṣídì ní tó bá jẹ́ òun ni, òun ì bá ti sọ pé òun gbàgbé. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ra adìyẹ tí a jẹ ní ọjọ́ Jímọ̀.

Èmi ọmọ ọdẹ, mo ń yangàn o, ẹ jẹ́ kí n yangàn! Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ohun tí èèyàn bá fi irọ́ gbà, ojoojúmọ́ ló máa fi irọ́ ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé òótọ́ ti gba nǹkan lọ́wọ́ yín rí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á fún Bàbá.